Olórí Àwọn Tí Ń Kọ́ Ibùdó Ayélujára: Àpẹẹrẹ Wikipedia

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe ayélujára ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n pa òwe náà, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀pọ̀ ohun tí ó ti wà lórí ayélujára rí mu. Àwọn olùkọ́ tí ó lo kọ̀ǹpútà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún yóò rántí Encarta, ìwé ìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Microsoft kọ́kọ́ gbé jáde sórí àwo ní 1993. Àwòrán wà nínú rẹ̀, ohùn wà nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín kò sì mọ ìṣẹ́. Síbẹ̀, ní 2009, Microsoft dá a dúró. Ọdún yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Yahoo ti GeoCities pa ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ti kọ́ ojúewé tiwọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Google náà ṣí Knol sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2008, kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè máa kọ ìmọ̀ wọn síbẹ̀; nígbà tí yóò fi di 2012, Knol ti di ìtàn.

Wikipedia ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, 2001. Àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò san owó oṣù fún ni ó ń kọ ọ́, ó sì wà títí di òní. Kò sí ohun tí Wikipedia ní nínú ẹ̀rọ tí Microsoft tàbí Google kò ní jù ú lọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìyàtọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí ó darí iṣẹ́: ohun tí wọ́n pinnu, ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe, àti ẹni tí wọ́n fetí sí tàbí tí wọn kò fetí sí. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ìpinnu wọ̀nyẹn ni ó jẹ́ kí ẹ, ọ àti ṣ ríbi dúró sí nínú ìwé ìmọ̀ náà.

Iṣẹ́ náà àti àwọn tí ń ṣe é

Ìtàkùn àgbáyé tí gbogbo ayé ń lò lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé àbá kan tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní oṣù Kẹta, 1989, ní CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà ní Geneva. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà ni kíkọ́ ibùdó sórí ayélujára ti di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi gbọ́ bùkátà.

Ibùdó ayélujára ni àkójọ ojúewé tí ó ní orúkọ kan, tí a lè bẹ̀ wò láti ibikíbi. Ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ kéré púpọ̀ sí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Sọ́fítíwíà wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe àwọn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Àká wà lẹ́yìn sọ́fítíwíà, níbi tí a kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo pamọ́. Sáfà ni ó ru gbogbo rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí ń fi ojúewé ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè fún un. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè mọ gbogbo èyí dunjú. Ìdí nìyí tí a fi ń kó ènìyàn jọ: ẹni tí ń ya bí ojúewé yóò ṣe rí, ẹni tí ń kọ sọ́fítíwíà, ẹni tí ń ṣọ́ sáfà ní ọ̀sán àti ní òru, ẹni tí ń dán iṣẹ́ wò kí ará ìta tó rí i.

Olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe, ohun tí yóò di ọ̀la, àti ohun tí a kò ní ṣe rárá. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó le jù, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ohun tí ó fẹ́ kí a fi kún ilé, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún òrùlé ṣe. Ẹni tí ó mọ sọ́fítíwíà kọ jù lọ kọ́ ni ó sábà máa ń mọ ẹgbẹ́ darí jù lọ. (Ojú ń rí irú rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, níbi tí a ti ń mú olùkọ́ tí ó dáńgájíá kúrò ní kíláàsì láti fi í jẹ ọ̀gá, tí kíláàsì yóò pàdánù rẹ̀, tí ọ́fíìsì kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jèrè rẹ̀.)

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà dé ìdí iṣẹ́ yìí kò sì ṣe ọ̀kan. Magnus Manske, tí ó kọ sọ́fítíwíà kejì tí Wikipedia lò, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ bayokẹ́mísírì ni ní ilẹ̀ Jámánì. Sue Gardner, tí ó darí Àjọ Wikimedia láti 2007 títí di 2014, oníṣẹ́ ìròyìn ni. Ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ìjọba Kánádà, CBC, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ náà ni ó sì ti di olórí ibùdó ayélujára wọn kí ó tó lọ sí Wikimedia. Kì í ṣe sọ́fítíwíà ni ó mú un dé ibẹ̀. Ohun tí ó mú dání ni òye bí a ṣe ń kó òǹkọ̀wé àti onímọ̀ ẹ̀rọ sábẹ́ òrùlé kan láìjẹ́ kí wọ́n fa ara wọn ya.

Láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ọ̀pọ̀

Nígbà tí Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Wikipedia sílẹ̀, sọ́fítíwíà tí ẹlòmíràn ti kọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò. Ó rọrùn, ó sì tó fún agbo kékeré. Ṣùgbọ́n inú fáìlì lásán ni ó ń kó ojúewé sí, kò ní àká gidi. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni ó ń rọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní, 2002, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí Manske kọ, tí ó ní àká. Kò pẹ́ tí èyí náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúle-gúle. Ní oṣù Keje ọdún náà, Lee Daniel Crocker tún un kọ látòkèdélẹ̀. Iṣẹ́ Crocker yìí ni a wá sọ ní MediaWiki ní 2003, orí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni Wikipedia dúró sí títí di ìsinsìnyí.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a fiyè sí níhìn-ín. Èkíní ni pé láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ ìpìlẹ̀ ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, àwọn tí ń gbébẹ̀ kò sì kó jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti kọ ni wọ́n kó láti inú ti àtijọ́ sínú ti tuntun. Èkejì ni pé lẹ́yìn 2002, wọn kò tún wó o mọ́. Ibi tí ó bá jò ni wọ́n ń dí, igi tí ó bá jẹrà ni wọ́n ń yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wu àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti da iṣẹ́ ẹni tí ó ṣáájú wọn nù kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Olórí tí ó bá gbà fún wọn ní gbogbo ìgbà yóò máa ní ilé tuntun lọ́dọọdún, kò sì ní ní ilé kankan tí ó parí.

Ìdánwò ńlá kan dé ní oṣù Kejì, 2005. Ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni àwọn sáfà Wikipedia wà nígbà náà, nínú ilé kan tí a kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ohun èlò tí ń já iná nígbà tí nǹkan bá wọ́ já lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo sáfà sì kú. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ o, epo sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ní Nàìjíríà lè rò pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n inú ilé ni àbùkù wà, kì í ṣe ìta, jẹnẹrétọ̀ kò sì lè ṣe ohunkóhun sí i. Nígbà tí iná padà dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà àká ni ó ti bàjẹ́. Ohun tí ó yọ wọ́n ni pé ẹ̀dà kò tán síbẹ̀: èyí tí ó yè ni wọ́n fi tún àwọn yòókù ṣe. Ó gbà wọ́n tó ọjọ́ kan gbáko kí gbogbo nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà, níní ẹ̀dà ju ẹyọ kan lọ, ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ, di ohun tí wọn kò fi ṣeré. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Wikimedia mọ̀ọ́mọ̀ gbé gbogbo iṣẹ́ kúrò ní ilé sáfà tí ó wà ní Virginia lọ sí èyí tí ó wà ní Texas, wọ́n sì tún gbé e padà, láti rí i dájú pé bí ọ̀kan bá kú lọ́jọ́ kan, èkejì yóò gbé ẹrù náà.

Bí ẹ, ọ àti ṣ ṣe ríbi dúró sí

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Kí a tó lè kọ «a» sínú rẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí yóò dúró fún «a». Ìlànà tí ó gbilẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nígbà tí ìtàkùn àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí à ń pè ní Latin-1. Ààyè 256 péré ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni a sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Lọ́nà tí ó yani lẹ́nu, à àti á wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni è àti é, ì àti í, ò àti ó, ù àti ú, nítorí pé àwọn ará Faransé, Ítálì àti Sípéènì nílò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀, ń kò sì sí níbẹ̀. Yorùbá wọlé dé ìdajì, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdajì tí ó kù síta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe nígbà náà ni pé wọ́n dá fọ́ǹtì tiwọn ṣe. Wọn a mú ààyè lẹ́tà kan tí wọn kò lò, wọn a ya ẹ sí i lórí. Ó dára lójú lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì náà wà. Bí a bá gbé iṣẹ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò di wọ́gọwọ̀gọ. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àti ìwé kíkà tí a tẹ̀ lọ́nà yìí wà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́ láìtún un tẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò lè sọ pé ó sọnù: fáìlì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó fún gbogbo lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú rẹ̀, 7865 ni ẹ, 7885 ni ọ, 7779 sì ni ṣ. Ṣùgbọ́n kí ìlànà wà jẹ́ ọ̀tọ̀, kí olórí ẹgbẹ́ kan pinnu láti tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀tọ̀. Latin-1 ni Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ síbẹ̀ ní láti tẹ &#7885; kí ọ tó yọjú. Kí a máa ro iye ìgbà tí yóò tẹ irú èyí kí ó tó kọ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tán!

Ẹni tí ó kó ipa pàtàkì nínú àtúnṣe yìí ni Brion Vibber. Ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè mọ̀. Kì í ṣe Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ gbájú mọ́, bí kò ṣe ti Esperanto, èdè tí L. L. Zamenhof gbé kalẹ̀ ní 1887. Esperanto ní lẹ́tà bí ĉ, ĝ àti ŝ, Latin-1 kò sì ní ìkankan nínú wọn. Vibber ti jìyà ohun tí àwọn Yorùbá jìyà rẹ̀ kí ó tó di olórí. Nígbà tí Àjọ Wikimedia gbà á sí iṣẹ́ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí olórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ agbowó-oṣù àkọ́kọ́ tí àjọ náà ní. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n yí gbogbo Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì padà sí Unicode. Kò sí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó béèrè fún un, iṣẹ́ náà sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé olórí tí kò mọ̀ ju lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ ni ó wà níbẹ̀, kì bá ti rọrùn fún un láti rí ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣe é.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Unicode fún ọ ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò fún ọ̀ tàbí ọ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni ó pa pọ̀ di ọ̀: lẹ́tà ọ, àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí ó dá dúró. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ ò, kí ó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, ẹni tí ó bá sì wá ọ̀kan kò ní rí èkejì. MediaWiki yanjú èyí láti abẹ́lẹ̀: ọ̀nà yòówù kí òǹkọ̀wé gbà tẹ̀ ẹ́, sọ́fítíwíà náà á tò ó sí ẹyọ ìlànà kan kí ó tó kó o sínú àká. Òǹkọ̀wé kò ní mọ̀ rárá pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun fún òun. Bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rere àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tí olórí kò bá béèrè

Kì í ṣe ìtàn ọgbọ́n nìkan ni ó wà nínú ìtàn Wikipedia. Àṣìṣe ńlá wà níbẹ̀, àwọn àṣìṣe náà sì kọ́ni ju àṣeyọrí lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ tún ojúewé ṣe lórí Wikipedia ti ní láti mọ àwọn àmì kan tí ó rú ènìyàn lójú. Àjọ Wikimedia ronú pé èyí ń lé àwọn ènìyàn tuntun sá, òótọ́ sì ni. Wọ́n wá ṣe VisualEditor, tí ń jẹ́ kí ènìyàn tún ọ̀rọ̀ ṣe ní ọ̀nà tí à ń gbà tẹ lẹ́tà lásán lórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Keje, 2013, wọ́n tan án fún gbogbo àwọn tí ó ní orúkọ lórí Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì gbó tó. Ó lọ́ra, ó ń ba àwọn àtẹ jẹ́, nígbà mìíràn ó sì ń dédé fi àwòrán ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì sí àárín ọ̀rọ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ayò. Àwọn olùyọ̀ǹda tí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni ó ń tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti máa nu ìdọ̀tí. Wọ́n ráhùn, wọ́n jókòó ṣe ìpàdé, wọ́n sọ pé kí a pa á kí ó di ẹni tí ó bá fẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda tí ó ní àṣẹ ìṣàkóso yí i padà fúnra rẹ̀, àjọ náà sì gbà.

A lè rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹjọ, 2014, irú ìjà yìí tún bẹ́ sílẹ̀ lórí Wikipedia ti èdè Jámánì, lórí ẹ̀rọ tuntun kan tí ń fi àwòrán hàn gàgàrà. Àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé àwọn kò fẹ́ ẹ bí ó ṣe wà, ọ̀kan nínú wọn sì pa á. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn olórí ẹ̀rọ kò bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ àjọ nìkan ni ó lè lò ó, wọ́n sì fi ti ojúewé náà pa mọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní ti ẹ̀rọ, iṣẹ́ kékeré ni. Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, ohun tí ó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà gba àkókò gígùn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Oṣù Kọkànlá, 2015, ni àjọ náà tó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún kúrò pátápátá.

Kí ni ó fa èyí? Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà burú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ohun tí wọ́n ṣe kò wúlò. VisualEditor ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ń lò láìronú lé e lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe. Àbùkù wọn ni pé wọ́n ka àwọn òǹkọ̀wé sí oníbàárà, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé ka ara wọn sí onílé. Oníbàárà tí kò fẹ́ ọjà yóò kọjá lọ. Onílé kì í lọ, yóò dúró láti jà. Olórí tí kò bá mọ èyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ nínú méjèèjì, kò sí bí ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó tí kò ní ṣìnà.

Nígbà tí ó yá, tí àjọ náà fẹ́ yí ìrísí gbogbo Wikipedia padà, wọn kò sáré. Láti 2020 ni wọ́n ti ń dán ìrísí tuntun náà wò lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbà láti kọ́kọ́ lò ó, bí i Wikipedia ti èdè Faransé, ti Hébérù àti ti Portugal. Wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń padà wá. Oṣù Kìn-ín-ní, 2023, ni ó tó dé ti Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo kò ṣàì wáyé, àwọn kan tilẹ̀ béèrè pé kí a dá ti àtijọ́ padà. Ṣùgbọ́n ìrísí náà dúró, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Owó àti ẹ̀dà

Sáfà ń jẹ iná, òṣìṣẹ́ ń jẹun. Ní oṣù Kejì, 2002, nígbà tí Wikipedia ṣì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ajé kan, ọ̀rọ̀ jáde pé ó ṣeé ṣe kí a máa fi ìpolówó ọjà sí i. Àwọn tí ń kọ Wikipedia ti èdè Sípéènì kò dúró gbọ́ parí. Wọ́n kó ẹ̀dà iṣẹ́ wọn, wọ́n sì lọ dá ìwé ìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ lórí sáfà Yunifásítì ìlú Seville. Ó pẹ́ kí Wikipedia ti Sípéènì tó gbérí padà. Láàárín ọdún náà, Wales fi yé gbogbo ènìyàn pé kò ní sí ìpolówó, ní oṣù Kẹfà, 2003, a sì gbé e fún àjọ tí kì í wá èrè. Láti ìgbà náà, ọrẹ àwọn òǹkàwé ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ìnáwó rẹ̀. Ní 2016, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ìpìlẹ̀ kan jọ, irú èyí tí a kì í ná tán, tí a ń fi èrè orí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 2021, ó pé mílíọ̀nù 100 dọ́là.

Àǹfààní tí àwọn ará Sípéènì lò láti kó ẹrù wọn ṣì wà fún gbogbo ènìyàn. Ìwé àṣẹ tí a fi tẹ Wikipedia jáde gba ẹnikẹ́ni láàyè láti da gbogbo rẹ̀ kọ, àjọ náà sì ń gbé ẹ̀dà àká síta fún ẹni tí ó bá fẹ́. Orí èyí ni sọ́fítíwíà Kiwix, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, dúró sí: ó ń jẹ́ kí a gba odindi Wikipedia èdè kan sórí kọ̀ǹpútà, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ayélujára kò dé rárá. Encarta kò ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí Microsoft dá a dúró, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé e lọ sí ibòmíràn.

Ààyè olùkọ́ èdè

Wikipedia ti èdè Yorùbá wà, ojúewé rẹ̀ sì ti ju 30,000 lọ. Púpọ̀ nínú wọn kúrú, òmíràn nínú wọn kò ní àmì ohùn tí ó péye. Sọ́fítíwíà kan náà tí ó ru ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ru òun náà, owó kan náà ni ó ń bọ́ ọ, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbi tí ẹ̀dà ti Gẹ̀ẹ́sì wà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí bọ́tìnì rẹ̀, irú èyí tí ń sọ pé kí a tún ojúewé ṣe tàbí kí a wo ìtàn rẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ni ó ń túmọ̀ wọn lórí ibùdó kan tí a yà sọ́tọ̀ fún un, translatewiki.net. Kò sí ẹnì kan tí ó ń béèrè ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó ni ó ń pinnu bóyá «ojúewé» ni a ó pè é tàbí «ojú ìwé», gbogbo Yorùbá tí ó bá ṣí ibùdó náà ni yóò sì rí ohun tí ó yàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè tí ó ti kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní ìpele àkọ́kọ́ ti ní ìmọ̀ tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò lè rí rà.

Ìṣòro kan sì wà tí ẹgbẹ́ yẹn kò lè yanjú láé láìsí àwọn onímọ̀ Yorùbá. Àwọn kan ń fi kíkán sí abẹ́ lẹ́tà, ẹ. Àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán sí i, e̩, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Lójú olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìrísí lásán ni. Ní ti Unicode, àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìtòsí-ìlànà tí MediaWiki ń ṣe fún ọ̀ kò sì kàn wọ́n, nítorí pé kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà pé Yorùbá kà wọ́n sí ọ̀kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi kíkán kọ «ẹyẹ», tí èkejì sì fi ìlà kọ «e̩ye̩», ọ̀rọ̀ méjì ni àká yóò kó pamọ́, orí ojúewé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì lè wà.